Ohun Tí Mo Ti Sọ Nípa Memunat

Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹwàá

Àǹtí Beatrice ní kí n máa kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀. Òun ni tíṣà tó kọ́ Memunat ní ìṣirò fún ọdún mẹ́ta, ó sì wá sílé wa lónìí nínú òjò, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní ìwé tí a fẹ́ kó jọ pọ̀, ọjọ́ tó kù ò tó nǹkan, a ò sì lè fi gbogbo rẹ̀ sórí lásán. Mo mú ìwé tí mo fi ń kọ orúkọ àwọn tó gbé fíríìjì wá fún àtúnṣe, mo ṣí i láti ẹ̀yìn, mo bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ mi fẹ́ wọ yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó bá kọ̀wé síbẹ̀, mẹ́fà péré ni wọ́n ń mú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tètè kọ̀wé, tí ìwé rẹ̀ pé kí ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá tó kọjá, wọ́n á dá a lóhùn láàárín oṣù Kejìlá, tí wọ́n bá sì gbà á, wọ́n á gbé gbogbo ìnáwó rẹ̀. Mo bi wọ́n pé ṣé yunifásítì Àkókà tiwa ti kún ni. Memunat wò mí bíi pé mo bú ìyá ẹnìkan. Ìyá rẹ̀ fi ẹsẹ̀ gbá mi lábẹ́ tábìlì, ó sì dùn mí, torí bàtà ló wọ̀.

Àǹtí Beatrice ka ohun tó kù fún wa: àròkọ tí Memunat máa fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, lẹ́tà tíṣà méjì, èsì gbogbo ìdánwò rẹ̀, ìwé kan tí èmi máa buwọ́ lù, àti lẹ́tà pirinsípà. Ó ní ti pirinsípà ló lágbára jù, torí òun ni wọ́n á fi mọ irú ọmọ tó jẹ́. Mo ní ìyẹn ò le rárá. Pirinsípà mọ̀ mí dáadáa, mi ò pa ìpàdé òbí kankan jẹ rí.

Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá

Òjò látàárọ̀. Omi wọ ṣọ́ọ̀bù dé ọrùn ẹsẹ̀, mo gbé fríísà Ìyá Ṣíjúadé sórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin. Memunat ń kọ àròkọ nínú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Mo ní kó wá kà á fún mi, ó ní òun ò tíì parí. Mo ní kó ka èyí tó ti parí. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́." Mo fi í sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹwàá

Mo buwọ́ lùwé náà lónìí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé tí wọ́n bá gba Memunat, ibẹ̀ náà ló máa lọ, a ò ní mú un lọ ibòmíràn mọ́. Mo ní kó túmọ̀ rẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ní kí n fọmọ fọ́kọ, tí mi ò rí ọkọ, tí mi ò rí ìyá ọkọ, tí wọn ò sì gbé iṣu kan ṣoṣo wá. Mo di bírò mú títí.

"Bàbá Memunat," ìyá rẹ̀ sọ, "ṣé ẹ ti gbàgbé orúkọ yín ni?"

Mo buwọ́ lù ú. "Ọláyanjú" tí mo kọ síbẹ̀ dà bí ìgbà tí ẹlòmíràn kọ ọ́.

Àìkú, 12 Oṣù Kẹwàá

Iná ò sí láti àná. Ata rodo wọ́n débi pé Ìyá Memunat kà á lójú mi níkọ̀ọ̀kan kó tó lọ̀ ọ́.

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Kẹwàá

Memunat ti lọ bá pirinsípà lẹ́ẹ̀mẹrin nítorí lẹ́tà. Ó ń lọ láti ilé wa ní Mafoluku sí ilé ìwé ní Ìsọlọ̀, ó ń padà lọ́wọ́ òfo. Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀wálé, pirinsípà náà, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn jẹ́ ẹni tí kì í kánjú kọ nǹkan ni, gbogbo ohun tó bá sì kọ ló máa ń fi rúlà fa ìlà sí nídìí. Ilé ìwé ò ní ẹlòmíràn tó lè kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Ó ní kó padà wá lọ́jọ́ Ajé.

Memunat ní òun ò jẹun. Mo ní kò burú, mo fa abọ́ rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, mo bu ẹran rẹ̀ jẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó gba abọ́ rẹ̀. Ẹran ti lọ ní tirẹ̀.

Ajé, 20 Oṣù Kẹwàá

Lẹ́tà ti jáde. Ì bá dáa kó má jáde.

Àǹtí Beatrice ni pirinsípà gbé e fún kó bá òun tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ó kà á, kò tẹ̀ ẹ́, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi tààrà. Mo fa àga fún un, kò jókòó.

"Bàbá Memunat, kí lẹ ti ń sọ nípa ọmọ yín nílé ìwé?"

"Kí ni mo sọ, Àǹtí?"

Ó yọ fóònù, ó ti ya fọ́tò lẹ́tà náà. Ó ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ yìí mọ ìṣirò ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kì í sì í pẹ́ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ilé ìwé gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ pé bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ọdún mẹ́ta, pé ọlẹ ni nílé, pé alágídí ni, pé kì í gbọ́rọ̀ sí òbí lẹ́nu.

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo sọ ọ́. Mi ò ní parọ́, mo sọ ọ́. Lọ́jọ́ ìpàdé òbí, tíṣà á ní, "Ọmọ yín ń gbìyànjú o." Kí ni bàbá máa sọ? Ṣé kí n ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sí irú rẹ̀, lójú gbogbo òbí tó tò jókòó? Màá ní, "Ẹ má dá a lóhùn, ọlẹ ni. Alágídí ni. Ọmọ yín ni o, ẹ bá mi nà án dáadáa." Bí bàbá tèmi ṣe máa ń sọ nípa tèmi ní Ìkirè nìyẹn. Bí ẹni tó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì ṣe ń sọ nípa ọmọ tirẹ̀ náà nìyẹn. À ń sọ ọ́ kí orí ọmọ má baà wú, kí ojú má baà pọ̀ jù lára rẹ̀, kí tíṣà sì mọ̀ pé a ò ní wá bá òun jà. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Mi ò mọ̀ pé ẹnìkan ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ọ̀gá wa máa ń kọ gbogbo ohun tí òbí bá sọ sínú fáìlì ọmọ," Àǹtí Beatrice sọ. "Tí lẹ́tà yìí bá débẹ̀, Bàbá Memunat, wọn ò ní ka ìyókù."

A fẹnu kò pé ká má tíì sọ fún Memunat. Ọjọ́ méjìlá ló kù.

Ìṣẹ́gun, 21 Oṣù Kẹwàá

Mo sọ fún Ìyá Memunat. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bínú. Ó ní ẹnu mi ni kò ní ìdérí. Nígbà tó yá, ó ní òun náà ti sọ fún wọn lẹ́ẹ̀kan pé Memunat ò mọ ọbẹ̀ sè. Mo ní, "Ìyẹn kì í ṣe irọ́." A jọ rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò pẹ́.

Ẹtì, 24 Oṣù Kẹwàá

Mo rí pirinsípà. Mo ṣàlàyé títí, mo ní ẹ̀yin náà mọ̀ bí àwa òbí ṣe ń sọ̀rọ̀, sà.

"Mo mọ̀," ó ní. "Gbogbo òbí ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin nìkan lẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, tí ẹ tún fi àpẹẹrẹ tì í." Ó ṣí fáìlì. "Ẹ ní ó sùn gbàgbé ìrẹsì lórí iná títí ìkòkò fi jóná. Ṣé ó jóná àbí kò jóná?"

Èmi ni mo sùn gbàgbé ìrẹsì ọjọ́ yẹn. Mo kàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́ ni.

Ó ní òun ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́, òun ò fọwọ́ sí irọ́ rí, òun ò sì ní torí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀. Ara mi gbóná, mo ní ṣé òtítọ́ ni wọ́n ń pe kí wọ́n ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Mo gbé ohùn sókè nínú ọ́fíìsì rẹ̀, akọ̀wé rẹ̀ yọjú wò wá. Mo jáde. Kí n tó dé ìdí bọ́ọ̀sì ni ojú ti ń tì mí.

Àìkú, 26 Oṣù Kẹwàá

Memunat ti mọ̀. Ó bi Àǹtí Beatrice léèrè ìdí tí lẹ́tà ò fi tíì lọ, ìyẹn ò sì lè parọ́ fún un.

Mo ń fọ kọ̀ǹdẹ́ńsà fíríìjì kan níwájú ṣọ́ọ̀bù nígbà tó wá dúró tì mí.

"Dádì, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe rí mi ni?"

Mo ní, "Lọ bá mi bu omi wá." Ó lọ, ó bu omi wá, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́, ó wọlé. Ó ń dùn mí títí di ìsinsìnyí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ló bi mí léèrè bóyá mo fẹ́ràn òun, mo rán an ní omi.

Ìṣẹ́gun, 28 Oṣù Kẹwàá

Mo mú Memunat dání, a padà sí Ìsọlọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀wálé nítorí ohùn tí mo gbé sókè lọ́jọ́ Ẹtì. Ó jù mí lọ ní ọdún mẹ́wàá, irú ariwo yẹn ò yẹ mí. Ó ní kí n dìde, pé wọn ò tíì gbálẹ̀. Ó fa fáìlì Memunat yọ, ó ṣí ojú ewé tuntun, ó fi rúlà fàlà, ó kọ déètì.

"Bàbá Memunat, tí èyí tí ẹ sọ tẹ́lẹ̀ kì í bá ṣe òtítọ́, ẹ wá sọ òtítọ́. Bí mo ṣe kọ tàkọ́kọ́ ni màá ṣe kọ eléyìí."

Mo ní kí Memunat bọ́ síta.

"Rárá o," ó ní. "Ojú rẹ̀ lẹ ṣe sọ ti tẹ́lẹ̀."

Mo kọjú sí ògiri, níbi tí wọ́n kọ́ kàlẹ́ńdà sí. Mo ní, "Ọmọ dáadáa ni, sà." Ó kọ ọ́. Ó gbé bírò dúró, ó ní, "Báwo ló ṣe dáa?"

Mo bá sọ ti páálí. Nígbà tí àwọn fíríìjì oní-ínfátà, àwọn tó ní kọ̀ǹpútà kékeré nínú, bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, èmi tí mo fojú kọ́ṣẹ́, mi ò mọ inú wọn. Ìwé tó bá wọn wá, Gẹ̀ẹ́sì ni látòkè délẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni Memunat nígbà náà. Ó kà á fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ó wá yà á sórí páálí kan, wáyà pupa, wáyà búlúù, ó fi Yorùbá kọ iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Títí di òní, àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe láti Mafoluku dé Bọ́ládé ń wá dà á kọ. Èmi ni wọ́n rò pé mo yà á, mi ò sì sọ fún wọn pé èmi kọ́.

Ẹnu mi ti ṣí, kò pa dé mọ́. Mo sọ nípa àwọn ọmọ ilé wa tó ń kọ́ ní ìṣirò nídìí ẹ̀rọ omi, tí wọ́n á tò kẹ́ẹ̀gì, tí wọ́n á máa ka "méjì lọ́nà méjì" títí kẹ́ẹ̀gì á fi kún, débi pé àwọn tó ń sá fún iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ti ń jà lórí ta ló máa pọnmi. Mo ní alágídí ni lóòótọ́, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Mo sọ fún un pé fríísà kan ti kú, ká tà á fún àwọn oníkóńdẹ̀mù tó ń ra irin àlòkù. Ó jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ kẹrin, omi inú rẹ̀ dì. Mo ní èmi ni mo jó ìkòkò ìrẹsì, kí wọ́n kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Mo wá ní tó bá ń bọ̀ láti ojú títì, mo máa ń mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ kí n tó rí i, inú mi sì máa ń dùn. Mi ò mọ̀ bóyá yunifásítì nílò ìyẹn.

"Màá kọ ọ́," Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀wálé sọ. Ojú ewé ti kún, ó ṣí òdì kejì. Nígbà tó parí, ó yí fáìlì sí mi, ó ní kí n buwọ́ lù ú. Memunat ti fi híjáàbù rẹ̀ bo ojú.

A gba ọ̀nà ilé. Ó gba báàgì irinṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ó gbé e kọ́ èjìká. Nígbà tí a dé Mafoluku ló tó ní, "Dádì, ẹ gbàgbé fáànù mọ́sálásí."

"Ìwọ lo tún un ṣe?"

"Ta lẹ rò pé ó tún un ṣe?"

Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń kí ladánì kú iṣẹ́ nítorí fáànù yẹn.

Ọjọ́bọ̀, 30 Oṣù Kẹwàá

Pirinsípà ti kọ lẹ́tà tuntun, Àǹtí Beatrice ti tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ímeèlì pirinsípà fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́, kò sì rántí páásíwọ̀ọ̀dù. Wọ́n wá a látàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Inú fáìlì kan ló kọ ọ́ sí, ó sì fi rúlà fàlà sí i nídìí. Lẹ́tà náà ti lọ báyìí. Àǹtí Beatrice pè mí, ohùn rẹ̀ ti há. Mo ní kó gbé fíríìjì ilé wọn wá nígbàkígbà, ọ̀fẹ́ ni. Ó ní tiwọn ò bàjẹ́. Mo ní kó máa retí.

Ẹtì, 31 Oṣù Kẹwàá

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, èmi, Memunat àti ìyá rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà kan ní Bọ́ládé, torí íńtánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kì í sábà já. Memunat yẹ gbogbo rẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ṣàdúà sí kọ̀ǹpútà náà lára, oníṣọ́ọ̀bù ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ nǹkan kan." Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú ni Memunat tẹ ibi tó kẹ́yìn. Nǹkan aláwọ̀ mèremère já wálẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Ó ní bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn kú iṣẹ́ nìyẹn.

Mo ra súyà. Kò sẹ́ni tó bi mí pé èló.

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kọkànlá

Òjò ti dáwọ́ dúró. Àwọn oníbàárà pọ̀ torí oòrùn. Ìyá Memunat ní kí n yé béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà bóyá wọ́n ti dáhùn, pé wọ́n ti dá ọjọ́ fún wa. Mo ní mi ò béèrè. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo béèrè lónìí.

Ẹtì, 12 Oṣù Kejìlá

Wọ́n ní aago mọ́kànlá alẹ́ òní ni èsì máa jáde. Mo ti gba fóònù gbogbo wọn, mo tì í sínú àpótí irinṣẹ́. Ohun tó bá wà níbẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀ tí ilẹ̀ bá mọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí, mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Àbámẹ́ta, 13 Oṣù Kejìlá

A kí ìrun àsùbáà tán, mo ṣí àpótí, mo gbé fóònù fún un. Ó jókòó sórí ẹní ìrun, ó kà á jẹ́ẹ́. Mo ń wo ojú rẹ̀, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó tún kà á.

"Dádì," ó ní, "wọ́n gbà mí."

Ìyá rẹ̀ figbe ta, àwọn ará ilé jí. Wọ́n fọwọ́ kọ́ra lọ́rùn, wọ́n ń fò. Èmi jáde lọ wo táǹkì omi. Kò sí ohun tó ṣe táǹkì. Mo sunkún níbẹ̀ dáadáa, mo fi omi bọ́jú, mo wọlé padà.

Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀wálé pè ní aago mẹ́jọ. Àǹtí Beatrice ò lè sọ̀rọ̀ lórí fóònù, Memunat ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Àìkú, 14 Oṣù Kejìlá

Ọyẹ́ ti dé, ètè mi ń là. Àwọn èèyàn ti ń wá kí wa láti àná, Ìyá Ṣíjúadé gbé àkàrà wá. Gbogbo ẹni tó wọlé ló ń bi mí bóyá inú mi dùn. Inú mi dùn. Oṣù Kẹjọ ni wọ́n ní kó dé ibẹ̀, ìyẹn oṣù mẹ́jọ sí ìsinsìnyí. Mo ti kà á láti iwájú, mo ti kà á láti ẹ̀yìn, oṣù mẹ́jọ náà ni.

Ṣọ́ọ̀bù ni mo wà, mo ti jókòó síbẹ̀ láti ìgbà tí àlejò tó kẹ́yìn ti lọ. Memunat ti gbé oúnjẹ ọ̀sán kalẹ̀, ó sì ń pè mí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Dádì, oúnjẹ o!" Ó tún ní, "Dádì, ó ń tutù o!" Ó tún ní, "Àbí ẹ ò gbọ́ ni?"

Mo gbọ́ ti àkọ́kọ́. Màá jẹ́ kó pè mí lẹ́ẹ̀kan sí i.